Sáàmù Tí Wọ́n Rẹ̀ Sílẹ̀

Ọmọge aránṣọ kan ń la ẹnu, àmọ́ ohùn kankan ò jáde. Láti ìdí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni atẹdùùrù tuntun ti rí i láàárín àwọn akọrin olóhùn òkè, tí ojú rẹ̀ ń tàn bíi pé òun ló ń kọrin jù. Ó gbàgbé ibi tó tẹ̀ ẹ́ dé. Háà, ìfẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn!

Lẹ́yìn ìsìn, ó lọ bá a. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin sínú."

Ọmọge náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún òun lọ́fun, ohùn ò sì tíì padà. "Ọlọ́run tó dá mi sí, ṣé kí n wá máa wò ó níran ni? Ẹnu tó kù ni mo fi ń yìn ín."

Bàtà ni atẹdùùrù ń tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá ti ṣíwọ́, ó di ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.

"Olólùfẹ́ mi, má pariwo mọ́ mi o," ló máa fi ń dá a lápàárá.

"Màá fi sísọ́ọ̀sì gé ẹ létí!"

Ṣùgbọ́n ìyá atẹdùùrù fárígá nígbà tó gbọ́ pé ó fẹ́ fi í ṣe aya. "Ìyàwó tí ò lè pe ọmọ rẹ̀ lójúde? Mi ò gbà!"

Aránṣọ sunkún. "Mi ò ní wọ ilé tí ìyá ọkọ ò ti fẹ́ mi," ló sọ.

Kí ni ọkùnrin yìí wá ṣe? Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń rẹ ohùn sáàmù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè bá ọ̀fun aránṣọ tó ń jinná lọ mu. Àwọn akọrin ráhùn: "Ṣé inú kànga la ti ń kọrin ni?" Ó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, wọ́n dé ẹsẹ tó ń yin Ọlọ́run fún ìwòsàn. Ohùn kan jáde, ó nípọn, ó há díẹ̀. Aránṣọ fọwọ́ kan ọrùn, omijé bọ́, kò dákẹ́. Àwọn yòókù dákẹ́ fún un kó lè parí rẹ̀. Inú atẹdùùrù dùn, ó sì rọra ń tẹ dùùrù tẹ̀ lé e.

Ìyá atẹdùùrù dìde, ó lọ di aránṣọ lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ẹ́. Ká ní ohùn yìí ò tiẹ̀ jáde rárá, o ṣì ń dúpẹ́. Èmi tí ohùn mi pé, èébú ni mo fi ń bú ẹ. Jọ̀ọ́, ṣé wàá fẹ́ ọmọ mi?"

"Màmá, èmi ló yẹ kí n bèèrè o!" ni atẹdùùrù ké.

"O ò tètè ṣe é."

Aránṣọ kúnlẹ̀. "Mo gbà, Màmá," ló wí, àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pàápàá sì gbọ́ ọ.