Àlejò Tó Pa Onílé Lẹ́nu Mọ́

Kẹ́tùlù hó, kò súfèé. Bánjí rí oòru tó ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rí ìdérí tó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fajú ro. Ó ní àwọn ọlọ́jà àdúgbò Jamaica ti ta gbàrọgùdù fún òun. Irú òun kọ́ ló yẹ kí kẹ́tùlù lásánlàsàn rẹ́ jẹ!

Ẹ ò tíì mọ Bánjí. Ọ̀gbẹ́ni Mo-mọ̀-ọ́n-tán ni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, kì í sì í kọ odindi ètò. Ẹ̀yà ètò ló ń kọ, èyí tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé ń gbà, tí wọ́n ń fi sínú tiwọn, bí káfíńtà ṣe ń ra ìdè ilẹ̀kùn dípò kó rọ ọ́ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ká má purọ́. Ìwà rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó.

Gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ló máa ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: mo ti ṣí fáìlì, mo ti rí ìdáhùn, ẹ gbà mí o, nǹkan ti bàjẹ́. Ẹni tó ni ètò ló ń pinnu ohun tí yóò sọ, bó ṣe máa kígbe tó, àti ibi tí igbe náà yóò lọ. Ẹ̀yà tó wá láti ìta, àlejò ni. Kó sọ tẹnu rẹ̀ fún onílé, kó fi ìyókù sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọṣẹ́ ló mọ èyí. Ṣùgbọ́n Bánjí fi ìlà kan sínú tirẹ̀: bí èmi bá ti wọlé, kí gbogbo ará ilé dákẹ́, àfi ẹni tí mo bá ní kó sọ̀rọ̀.

Noemí, obìnrin Puerto Rico kan tó ń gbé ní àdúgbò Soundview, kọ̀wé sí i. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe ètò fún ẹ̀rọ tó ń fún àwọn aláìsàn ní atẹ́gùn nínú ilé wọn, irú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá Bánjí gan-an. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ìlà yẹn. Ilé wa ni. Bí ètò wa bá ń kígbe, àwa la fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀."

Bánjí yínmú. Ó dá a lóhùn pé, "Ariwo yín ti pọ̀ jù. Oore ni mo ṣe yín."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣe nínú ilé. Orin Mẹ́tọ́díìsì ni Màmá máa ń kọ láàárọ̀, tó bá sì kọ ọ́ tán, ó di "Bánjí o!" Kó wá wo ẹyẹ lójú fèrèsé. Kó wá sọ ohun tó jẹ lánàá. Ṣìọ̀, ariwo! Bánjí á pòṣé, á sì ti ilẹ̀kùn yàrá ìyá tó bí i lọ́mọ pa. Ó ti tì í láàárọ̀ Sátidé tí kẹ́tùlù ò súfèé yìí náà.

Ó fi ṣíbí lu tábìlì. Kò dún. Bàálù tó ń lọ balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú JFK kọjá lórí ilé, òjìji rẹ̀ gba ojú fèrèsé kọjá, kò dún. Ẹ sì mọ̀ pé inú ọ̀gbẹ́ni yìí kọ́kọ́ dùn? Ó ní àlàáfíà dé.

Ó yíjú padà, ọkùnrin kan ti jókòó sórí àga Màmá.

Kò kan ilẹ̀kùn. Kò kí onílé. Èèyàn tó bá wọ ilé onílé, á ní ẹ ǹlẹ́ ńbẹ̀ yẹn o, á dúró kí wọ́n tó ní kó jókòó. Eléyìí na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ. Bí Bánjí bá ti ṣẹ́jú, ó ti gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Pálọ̀ tutù, ó sì ń rùn bíi wáyà tó jóná.

Bánjí fẹ́ bi í pé ta ni. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn ò jáde.

Ọkùnrin náà fi ìka lé ètè. "Ariwo yín ti pọ̀ jù," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Oore ni mo ṣe yín."

Ohùn Bánjí gan-an ló fi sọ ọ́. Bánjí mọ̀ ọ́n. Ìlà tó kọ ni, tó rán lọ pa onílé lẹ́nu mọ́ káàkiri ayé, òun ló padà wá kí i. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.

Ará ilé kẹ̀? Màmá!

Ó sáré ṣí yàrá. Iná pupa orí ẹ̀rọ ń ṣẹ́jú wàràwàrà, ẹ̀rọ ń ké, kò sì dún. Rọ́bà atẹ́gùn ti yọ nímú Màmá. Ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró, ohun kan náà ló sì ń wí léraléra. Bánjí ò nílò etí kó tó mọ̀ ọ́n: Bánjí o, Bánjí o. Ta ló mọ ìgbà tó ti ń pè é bọ̀?

Ó fi rọ́bà padà sí i nímú. Èémí Màmá ò já gaara. Ó pe nọ́ńbà pàjáwìrì, ó rí i pé wọ́n gbé e, ẹnu rẹ̀ wá ń ṣí, ó ń pa dé bíi ti ẹja orí àtẹ.

Ló bá padà sí pálọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ wo nǹkan! Ẹni tó ń juwọ́ sí àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni ń lé eṣinṣin, òun ló ń dọ̀bálẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Àlejò wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ṣé èmi ni mo rán ara mi níṣẹ́ ni?"

Bánjí fò dìde, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wá ìlà náà kàn, ó pa á rẹ́, ó sì rán ẹ̀dà tuntun jáde fún gbogbo ayé.

"Ó dáa, mò ń lọ," ni àlejò wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní í lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun tí o kà sí ariwo jù lọ nínú ilé yìí, mo ti mú un dání."

Bánjí ń mi orí wàràwàrà pé kó máa mú un lọ. Ọ̀dẹ̀! Kò bèèrè pé kí ni.

Àga ṣófo. Gbogbo ìró ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: kẹ́tùlù, bàálù, ọkọ̀ títì, ẹ̀rọ Màmá tó ń han gooro. Ẹni orí fóònù ń bi í pé, "Ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Bánjí bú sẹ́kún, ó sọ ibi tó ń gbé fún un.

Màmá ò kú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti gbé e jókòó lórí ibùsùn ọsibítù. Ìyábọ̀dé, àbúrò Bánjí obìnrin, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní àdúgbò Morris Heights, ń fún un ní ògì. Bánjí wọlé, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ohun gbogbo: bàtà àwọn nọ́ọ̀sì, ṣíbí lára abọ́, ẹ̀rín àbúrò rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní irọ́ ni àlejò ń pa, kò mú nǹkan kan lọ.

Ìyábọ̀dé yíjú sí i, inú ń bí i. "Bọ̀dá mi, kí ló dé? Ẹ ò gbọ́ ni? Màmá ti ń pè yín látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé."

Bánjí wo ìyá rẹ̀. Màmá na ọwọ́ sí i. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé.