Ohùn Tó Kù sí Etí Téèpù

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wọkọ̀ lọ sí Ìlaròó, kó bèèrè Toyibat olùkọ́ físíìsì. Téèpù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Téèpù kásẹ́ẹ̀tì ni. Àṣíáwù, bàbá Toyibat, ló sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó ní oyún inú ìyàwó òun ló ni ilẹ̀ òun ní Ajílété. Ó kú kí wọ́n tó bí ọmọ náà, ìyẹn Toyibat. Kò pẹ́, Bàrúwà àbúrò rẹ̀ gba wàásì ààwẹ̀ lé téèpù ọ̀hún lórí. Ẹ ẹ̀ rí ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí! Ta ló máa bínú sí wàásì? Báyìí ni ẹ̀rí ṣe parẹ́. Lọ́dún yìí, Bàrúwà fẹ́ ta ilẹ̀ náà.

"Kò ní í ṣeé ṣe," Toyibat wí.

Ẹ̀rọ kan wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ tó ní abẹ́rẹ́ olóòfà, tíntín báyìí. Abẹ́rẹ́ náà á kọ́kọ́ ba ojú téèpù, á gbéra díẹ̀, á wá máa rá kọjá lókè, kó lè mọ ibi tí òòfà inú téèpù ti ń fà á. Kọ̀ǹpútà á ya ohun tó bá rí ní ìlà dúdú, ìlà funfun, á sì sọ ìlà di ohùn. Toyibat mọ̀ pé wàásì kò lè pa gbogbo ohùn àtijọ́ rẹ́. Díẹ̀ máa ń kù sí etí téèpù.

Ó pe Bàrúwà kó wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ni, gbogbo àyíká pa rọ́rọ́. Wọ́n pa fáànù, torí abẹ́rẹ́ náà kì í fẹ́ kí nǹkan mì.

Ohùn jáde. Ó ha.

"Toyibat."

Orí rẹ̀ wú. Orúkọ òun! Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i ni wọ́n sọ ọ́ ní Toyibat, bàbá rẹ̀ sì ti wà nínú ilẹ̀ nígbà náà.

"Toyibat."

"Má dáhùn!" Bàrúwà gbá a lọ́wọ́ mú. "Alààyè kì í jẹ́ ìpè òkú, kó má baà tẹ̀lé e lọ. Pa ẹ̀rọ yìí!"

"Mi ò pa á, Bàbá Kékeré. Ẹ̀rù ń bà mí o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ bàbá mi ò ní í bá ẹ̀rù lọ." Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó kọjú sí ẹ̀rọ. "Èmi rè é, Bàbá. Ta ló ni ilẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ dúró. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó padà sí ibi tó ti kọjá. Ìlà tí kò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yọ.

"Ìwọ ni. Bàrúwà mọ̀."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi!" Ó ti bọ́ lẹ́nu Bàrúwà kó tó fọwọ́ bo ẹnu. Òun náà ti jẹ́ ìpè òkú.

Toyibat ti gbin ẹ̀gẹ́ sí Ajílété báyìí. Bàrúwà kì í jáde mọ́, ó kàn ń rù ni. Wọ́n ní kí Toyibat sun téèpù náà, ó ní òun ò sun nǹkan kan, ohùn bàbá òun nìyẹn, òun ò ní òmíràn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá gbé e sábẹ́ abẹ́rẹ́, ìbéèrè kan náà ló ń jáde.

"Toyibat, ṣé Bàrúwà ti gbéra?"

"Kò gbéra!" ló máa ń fi dáhùn. "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ mi, mi ò ní í fi Bàbá Kékeré san án."

Abẹ́rẹ́ á dúró. Á padà sẹ́yìn. Á tún bi í.