Ajá Tí Kò Ní Orí

Àwo ìgbín kẹta ni ọkùnrin náà ń jẹ, kò sì wo inú àwo rárá. Ó ń fi igi ìtayín fa ìgbín jáde nínú ìkarahun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ilé tó kọjú sí i. Ó dìde, ó sọdá títì, ó fi èékánná họ etí táìsì kan, ọ̀kan nínú àwọn amọ̀ pẹlẹbẹ dídán tó bo ògiri.

Leonilde ń wò ó láti igun títì.

Iṣẹ́ títún táìsì ṣe ni Leonilde ń ṣe, òun àti Anselmo, bàbá rẹ̀. Ara ògiri ìta ni táìsì àtijọ́ wà ní Lisbon, pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ búlúù, àwọn olè sì ń yọ ọ́ tà. Ó mọ bí olè ṣe ń wo ògiri. Bí ọkùnrin yìí ṣe ń wò ó nìyẹn.

Láti àdúgbò Alfama ló ti ń tẹ̀lé e. Ọkùnrin náà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àgbà, kò gbójú sókè. Ó gun àtẹ̀gùn dé òkè Graça, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wo odò. Ó kẹ́yìn sí odò, ó ń wo ilé. Ilé oúnjẹ tó bá gbé pátákó ìgbín síta ló ń yà sí. Irun etí rẹ̀ ti ń funfun. Ó gbá báàgì aláwọ kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Leonilde fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó pe ọlọ́pàá.

Ní ilé oúnjẹ kẹrin, ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ti àga kan síta.

“Ẹ jókòó, ìyáàfin. Ẹsẹ̀ á ti máa dùn yín.”

Leonilde jókòó. Kò rẹ́rìn-ín. “Kí ló wà nínú báàgì yín?”

“Ẹ kọ́kọ́ bá mi jẹ ìgbín yìí. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀.”

“Ẹni tí ò fẹ́ràn ẹ̀ kì í jẹ àwo mẹ́rin.”

“Ẹ̀yin náà ti ń kà á.”

Ó ní Valdemar lorúkọ òun, káfíńtà ni òun ní ìlú Setúbal. Bàbá òun kú ní oṣù kẹta. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹnu rẹ̀. Ó nawọ́ sí àpótí kan lábẹ́ ibùsùn, ọ̀rọ̀ kan péré ló sì jáde: ìgbín. Táìsì kan ló wà nínú àpótí náà.

Ó yọ ọ́ nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì. Orí ajá ló wà lára rẹ̀, etí kan dìde, èkejì sì wó sílẹ̀. Leonilde mọ ajá náà, kò jẹ́ kó hàn.

“Ẹ yí i padà.”

Ẹni tó ṣe táìsì náà kọ F7 sẹ́yìn rẹ̀. Valdemar ní nọ́ńbà ilé ni. Òun ti kan ilẹ̀kùn ilé keje ní gbogbo títì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú F. Ìyá arúgbó kan da omi lé òun lórí.

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Leonilde, ó gbé e mì. Ó sọ fún un pé ìlà F ni, táìsì keje. Bí wọ́n ṣe ń to àwòrán nìyẹn.

Kò sọ ìyókù. Ajá kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ wọn, kò ní orí. Anselmo ló ń tún ògiri náà ṣe nígbà tí táìsì yẹn pòórá, ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní òun ló tà á. Láti ìgbà náà, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé iṣẹ́ fún un. Àlejò kan ló wá gbé orí ajá yìí dání báyìí, pẹ̀lú ìtàn tó dùn jù.

“Ó yá,” ni Leonilde wí. “Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀lé mi báyìí.”

Anselmo wà lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ó gba táìsì náà, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Ó béèrè orúkọ bàbá àlejò.

“Abílio, ará Setúbal.”

“Òun ló ń bá mi po ẹfun tí a fi ń lẹ táìsì,” ni Anselmo wí. “Ó ní ọmọ kan, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọmọ yẹn máa ń dì mọ́ ajá yìí. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ sílé, á máa ké.” Ó nawọ́ sí ilé oúnjẹ kékeré tó wà lódìkejì. Pátákó ìgbín wà níwájú rẹ̀. “Ibẹ̀ yẹn la ti máa ń jẹun ọ̀sán.”

Valdemar fi ìka kan etí ajá tó wó sílẹ̀.

“Èmi ni ọmọ yẹn, ọ̀gá. Tìtorí mi ló ṣe gbé e. Ẹ pe gbogbo àdúgbò. Lójú wọn ni màá ti sọ ẹni tó gbé e.”

“Kọ́kọ́ po ẹfun ná.”

Ó pò ó, Anselmo sì lẹ orí ajá náà padà sára ògiri. Lẹ́yìn náà ó dúró láàárín títì, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ sókè níwájú gbogbo àdúgbò, ó sì ní olè ni. Leonilde ń wò ó. Kò fura sí i mọ́ nípa táìsì.

Ó fura sí nǹkan mìíràn. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Valdemar ń padà wá, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹfun ti gbẹ.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹfun fi ń gbẹ,” ni Anselmo sọ fún ọmọ rẹ̀. “Ọ̀sẹ̀ kọkànlá rèé.”

Leonilde jáde lọ bá Valdemar nídìí ògiri. “Kí lò ń wá gan-an?” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò bá a sọ ẹ̀yin.

“Ìwọ.”

“Kí ló wà nínú báàgì ẹ?”

Ó ṣí i. Kò sí nǹkan kan. “Mo gbé e wá kí o lè bi mí ni. Ṣé wàá fẹ́ mi, Leonilde?”

Leonilde na ọwọ́ sínú báàgì, ó tú u dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ náà sínú ọwọ́ Valdemar.

“Tí o bá máa jẹ ìgbín lọ́jọ́ ìgbéyàwó.”

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kẹfà ọdún kejì, ní ṣọ́ọ̀ṣì Graça. Valdemar jẹ àwo kan tán.

Orí ajá náà ṣì wà lára ògiri. Ó mọ́ ju ara ajá lọ, torí inú àpótí ló ti lo ogójì ọdún.