Àpèkọ Tí Ẹniọlá Kò Gbọ́

Ẹnu Màdáámù Jacqueline, olùkọ́ wọn, ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ìró kùùkùù lásán ni Ẹniọlá ń gbọ́. Àpèkọ Faransé ni wọ́n ń ṣe, láti múra sílẹ̀ de BEPC, ìdánwò ìparí ìpele àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama. Sandra tó jókòó tì í rí i pé kò kọ nǹkan kan. Ó rọra ti ìwé rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ọkàn Ẹniọlá sọ fún un pé kó nawọ́, kó ní òun kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rù ti ń bà á pé òun fẹ́ di adití, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó bá da ti Sandra kọ, tòun tàṣìṣe.

Àṣìṣe mọ́kànlá tí Sandra ṣe gan-an lòun náà ṣe. Òdo ni Màdáámù fún àwọn méjèèjì, ó sì ránṣẹ́ pe bàbá Ẹniọlá, Ọlárìndé, tó ń ránṣọ ní ọjà Marché Congo.

Ọlárìndé pariwo débi pé Ẹniọlá pàápàá gbọ́. "Nílé, a ó pè ọ́ títí, o ò ní dáhùn. Olórí kunkun! O tún wá ń jí ìwé wò!"

Ẹniọlá bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò gbọ́ ni. Etí mi ti ń kú."

Ìbínú bàbá pòórá, àyà rẹ̀ já. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n wọ taksí lọ bá Ọdúnayọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú etí, tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní àdúgbò Bépanda.

Ọdúnayọ̀ gbá irin kékeré ẹlẹ́nu méjì mọ́ orúnkún ara rẹ̀, irin náà sì ń gbọ̀n. Ó gbé e síwájú etí Ẹniọlá. Ọmọ náà mi orí, kò gbọ́. Ó wá gbé ìdí irin náà lé eegun ẹ̀yìn etí rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ, mà!" Ẹniọlá kígbe. "Ó ń dún ketekete!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó sì kọjú sí bàbá. "Bí nǹkan bá ń gbọ̀n, òun náà là ń pè ní ìró. Afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń gbé e wọ ihò etí. Eegun náà lè gbé e. Ti eegun dé, ti afẹ́fẹ́ kò dé. Ọ̀nà ló dí, ẹ̀gbọ́n. Etí ọmọ yín kò kú o! Kí ló fi ń ro etí?"

"Ìyẹ́ adìyẹ," Ọlárìndé dáhùn, ó sorí kọ́. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

"Ìyẹ́ yẹn ló ń ti ìdọ̀tí wọlé."

Ó kán oògùn sí etí náà kí ìdọ̀tí lè rọ̀, ó sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́. Nǹkan dúdú méjì jábọ́ sínú abọ́. Lẹ́sẹ̀kan náà ni ariwo ìgboro ya wọlé, fèrè ọ̀kadà, ẹ̀rín àwọn obìnrin lójú pópó. Ara tu Ẹniọlá, omijé ayọ̀ sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ yíjú sí fèrèsé, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Mo ṣì ọ́ bú, ọmọ mi."

"Mo gbọ́ yín, sà," Ẹniọlá dáhùn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Òdo àpèkọ yẹn kò yí padà o, nítorí etí dídí kọ́ ló ní kó jí ìwé wò. Ṣùgbọ́n ìdánwò gan-an ṣì wà níwájú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí nǹkan bá ń ṣe yín, ẹ tètè sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ẹniọlá fi jìyà lórí ohun tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yanjú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.