Ìyá Òkè Kẹta Gbé Fóònù

Ẹ má pe eléyìí ní àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀.

Kíákíá ni gbogbo ọ́fíìsì ń pe ọmọbìnrin kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti ilé dé ilé, kó bi àwọn ará àdúgbò bí ayé ṣe rí fún wọn, kó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku ilé kan. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń dá gbé lókè kẹta níbẹ̀. Ẹsẹ̀ sì ti ń ro Kíákíá. Ó dúró sísàlẹ̀, ó retí kí ẹ̀rọ gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó wá pariwo: "Màmá, ẹ kú ilé o!"

"Ta nìyẹn? Jọ̀ọ́, gòkè wá, ọmọ mi."

Ó wo àtẹ̀gùn. "Mò ń bọ̀, mà."

Irọ́ gbuu. Abẹ́ igi ló lọ jókòó sí. Nínú fọ́ọ̀mù, ó fún ayé ìyá náà ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ṣé wọ́n lẹ́ni tí wọ́n lè ké sí? Ó kọ bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Nọ́ńbà fóònù kejì tirẹ̀ ló kọ, kó lè fi ohùn arúgbó dáhùn bí ọ̀gá bá pè láti wádìí. Ẹ ò rí ọgbọ́n ọ̀lẹ!

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá ní kó wá jókòó. Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Fóònù kejì wà nínú báàgì Kíákíá, bátìrì rẹ̀ ti kú láti àárọ̀.

Ẹnì kan gbé e.

"Ẹ káàsán, mà. Láti oókan dé mẹ́wàá, mélòó lẹ fún ayé yín?"

Wọ́n gbọ́ tí nǹkan kan ń wọ́ nílẹ̀ nínú fóònù.

"Oókan."

"Mẹ́jọ ni wọ́n kọ síbí, mà. Ṣé ẹ lẹ́ni tẹ́ ẹ lè ké sí?"

"Mo ké sí i. Ó ní òun ń bọ̀."

Ìpè náà gé. Kí ọ̀gá tó la ẹnu, Kíákíá ti sáré jáde.

Nísàlẹ̀ ilé ìyá náà, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Màmá òkè ńkọ́, bọ̀dá?"

"Àárọ̀ yìí la jálẹ̀kùn, la gbé wọn jáde. Ara wọn ti tutù. Ó jọ pé látọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti ṣubú."

"Fóònù wọn dà?"

"Fóònù wo? Wọn ò ní fóònù rí." Ó nu ojú. "Wọ́n á ti ké títí. Ariwo ẹ̀rọ mi yìí! Kò sẹ́ni tó gbọ́."

Kíákíá lè dákẹ́. Ta ló máa mọ̀?

"Èmi gbọ́," ó wí.