Ẹni Tó Ń Dáhùn Nínú Yàrá Àwòrán

Ẹni tó bá fẹ́ kí n búra, kó gbé ohun tí a ó fi búra wá. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, mi ò sì tòògbé. Ọ̀sán gangan ni, iná ò lọ, ẹni méjì la sì jọ gbọ́ ọ. Ẹnì kejì mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èmi ni mò ń sọ ọ́.

Ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kó tó di tàwòrán, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Yàrá abẹ́ ilé tí a ń kó àwòrán pamọ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn lẹ́tà tí kò rí ẹni gbà wọ́n sí láyé àtijọ́. Kò ní fèrèsé. Olùkọ́ kan ló bẹ̀rẹ̀ àkójọ náà láìmọ̀. Ogójì ọdún ló fi ya àwòrán àwọn ará ìlú, ẹnikẹ́ni ò rà á. Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ sínú ọmọlanke, ó ní kí ẹni tó bá ní àyè nílé gbà á lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn náà ni ère igi, ìkòkò àti aṣọ híhun dara pọ̀ mọ́ ọn, títí gbogbo rẹ̀ fi di ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ ṣe olùtọ́jú wọn. Bàbá Oníwèé ni wọ́n ń pè é. Ó fún ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó sì fi òfin lélẹ̀ fún kíkà ọdọọdún. Ẹnì kan á jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé, á máa pe nọ́ńbà. Ẹnì kan á wà nínú, á máa wá a, á sì dáhùn pé, "Ó wà." Ẹni tó jókòó á fàmì sí i. Ohun tó bá sọnù, a ó fi báírò pupa fagi lé e, a ò sì gbọdọ̀ pè é mọ́ láé. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní, "Ohun tí kò sí, kí lo fẹ́ kó dáhùn?"

Lọ́dún kan, nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ò sí. Àwòrán obìnrin kan lẹ́bàá fèrèsé ni. Ilẹ̀kùn ò já, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ bàbá mi nìkan. Wọ́n ní ó ti tà á. Wọ́n lé e. Títí tó fi kú, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Àwòrán yẹn ò jáde nílé yẹn." Níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò jẹ́ kí wọ́n ka iṣẹ́ tó ṣe. Ojú ń tì í. Inú bí èmi ọmọbìnrin débi pé mo lọ gba iṣẹ́ náà gan-an. Mo fẹ́ rí àwòrán yẹn, kí n gbé e síwájú gbogbo ẹni tó pe bàbá mi lólè. Ọdún méjìlá ni mo fi tú yàrá náà bí ẹni ń tú irun.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìwé bàbá mi ti gbó, ọ̀gá wa sì ní kí n dà á kọ sínú tuntun. Nígbà tí mo dé nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, mo mú báírò pupa, mo tún gbé e sílẹ̀. Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi fagi lé e. Mo kọ ọ́ bíi tàwọn yòókù, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn, mi ò ní dá ẹlòmíì lẹ́bi.

Lọ́jọ́ kíkà, èmi ni mo jókòó, ìwé wà lórí itan mi. Káfíńtà tó ń kan férémù wa ló wọnú yàrá lọ. Àgbà ọkùnrin ni, òun àti bàbá mi jọ ṣiṣẹ́.

"Márùndínlọ́gọ́ta."

"Ó wà."

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta."

"Ó wà o. Eruku yìí á pa èèyàn!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò gbójú sókè, torí ẹni tó ń pè kì í gbójú kúrò nínú ìwé. Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára, ó ń sáré lọ.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Obìnrin lẹ́bàá fèrèsé."

Ẹnì kan wúkọ́ díẹ̀.

"Ó wà."

Mo fàmì sí i. Ìgbà yẹn ni mo rí bàtà Káfíńtà. Ẹ̀gbẹ́ àga mi ló wà. Ó ti jáde wá mumi, ife ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ dáhùn?"

Ó mi orí. Omi ń kán sí i láyà.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ló pariwo.

Bàbá mi kì í dáhùn láìkọ́kọ́ wúkọ́ bẹ́ẹ̀. Nílé, bí ìyá wa bá pè é, ikọ́ yẹn la ó kọ́kọ́ gbọ́. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

A jọ wọlé. Àyè àwòrán náà ṣófo bó ṣe máa ń wà. Ṣùgbọ́n eruku bo gbogbo pẹpẹ yòókù, kò sì sí eruku kankan lórí tiẹ̀. Káfíńtà fọwọ́ kàn án, ó yára fà á padà.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ibi téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde."

"Ẹ jẹ́ ká ka ìyókù."

"Ṣé orí ẹ pé?"

"A kì í dá kíkà dúró láàárín."

Òfin bàbá mi nìyẹn náà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ tún gbọ́ ọ.

A kà títí di ìrọ̀lẹ́. Káfíńtà nìkan ló ń dáhùn. Nígbà tó ní "Ó wà" sí ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá, ó sáré jáde wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fẹ́ pa ìwé dé. Fáànù dákẹ́. Iná ò lọ o, fáànù nìkan ló dákẹ́.

Ikọ́ díẹ̀.

"Ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàlá."

Inú yàrá ló ti wá. Kò dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, ó ń pè ni. Ó wá dákẹ́ bí ẹni tó mú kálàmù dání tó ń retí. Mo wo ìwé orí itan mi. Lábẹ́ ìlà tí mo kọ kẹ́yìn, ìlà kan wà tí mi ò kọ. Ìkọ̀wé bàbá mi ni, tó dagun sọ́tùn-ún: "Obìnrin kan tó jókòó, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Kò lábùkù." Àyè àmì ṣófo.

Mo la ẹnu. Àtẹ́lẹwọ́ Káfíńtà bò ó.

"Má dáhùn."

Mo já ẹnu gbà. "Bàbá mi ni."

"Mo mọ̀. Má dáhùn."

Fáànù tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá rí àmì tí mo fà. "Níbo ló wà?" ló bi mí. Mo ní wọ́n ní ó wà. "Ta ló ní bẹ́ẹ̀?" Ó mú báírò pupa, ó fagi lé e lójú mi. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe sunkún níbi ìsìnkú lọ.

Ọdún mẹ́fà ti kọjá. Káfíńtà ti fẹ̀yìn tì, kò tilẹ̀ gba àdúgbò ibẹ̀ kọjá mọ́. Lọ́dọọdún, bí kíkà bá ti parí, ikọ́ náà á dún, á pe nọ́ńbà náà, á sì dúró. Àwọn tuntun tó ń bá mi kà kì í gbọ́ ọ. Mo máa ń ki òwú bọ etí, mo sì máa ń sáré gòkè. Mi ò tíì dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kíkà mi ìkẹyìn, torí èmi náà ń fẹ̀yìn tì. Bàbá mi mọ ibi tí àwòrán yẹn wà. Ẹlòmíì ò mọ̀. Bí mi ò bá dáhùn, olè ni wọ́n á máa pè é títí ayé. Bí mo bá sì dáhùn, mi ò mọ ẹni tó máa gòkè wá. Mo ti sọ fún ara mi pé mi ò ní la ẹnu.

Àmọ́ láàárọ̀ yìí, níbi tí mo ti ń fọ abọ́, ọmọ mi pè mí láti yàrá. Kí n tó dá a lóhùn, mo kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀.