Ẹ̀wù Wọ Ọkọ̀, Ẹlẹ́wù Kù Sẹ́yìn

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó àlejò lọ wo igbó àti odò. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ti parí àpérò wọn nínú ilé ìtura etí omi, òun ni wọ́n máa ń fà wọ́n lé lọ́wọ́ kí wọ́n lè gba afẹ́fẹ́. Afinimọ̀nà ni wọ́n ń pè é. Ó mọ orúkọ gbogbo ẹyẹ, ṣùgbọ́n kò bìkítà láti mọ orúkọ àlejò kan. Lójú rẹ̀, pẹ̀lú káàdì tí wọ́n so mọ́ ọrùn, ewúrẹ́ ọjà ni wọ́n.

Ẹni tí ó tún kórìíra jù wọ́n lọ ni atukọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà, tí ó ti gba Jésù tí kò sì yé wàásù fún un.

Ní erékùṣù ẹyẹ, ooru a máa mú kí àwọn àlejò bọ́ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, wọn a sì fi kọ́ sára ìṣó méjìlélógún tí a kàn mọ́ igi ńlá kan. Bí ilé bá yá, Afinimọ̀nà kì í ka ènìyàn. Ìṣó ni í wò. Bí ìṣó bá ti ṣófo, ó parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìṣó ṣófo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Àbúrò, ka orí wọn. Omi òkun ti ń wọlé bọ̀, yóò bo erékùṣù yìí láìpẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbájú mọ́ ẹ́ńjìnnì yín. Àbí Jésù ló fi yín ṣe ọ̀gá mi?"

"Orí ni mo ní kí o kà. N kò tí ì ní kí o gbàdúrà."

"Ẹ̀wù kì í dá rìn. Ó pé!" Ó fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ kúrò létí ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, àga kan ṣófo, agboorùn nìkan ni ó wà lórí rẹ̀. Ti ìyá àgbà kan ni, olùkọ́ tí kò lè gbójú kúrò lára ẹyẹ. Ọkùnrin sísanra kan wúkọ́, ó ní, "Mo rí ẹ̀wù kan sí i lórí ìṣó lẹ́yìn tèmi, mo fi tẹ́ ìdí. Pákó ọkọ̀ yẹn le."

Afinimọ̀nà mọ̀ pé ìyá náà kù sẹ́yìn. Síbẹ̀, kò jẹ́wọ́. Ó ní ìyá náà ti bá ọkọ̀ mìíràn lọ sí ilé ìtura.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó. "Ta ni ò ń parọ́ fún? Omi kò gbọ́ irọ́." Ó sáré padà sínú ọkọ̀ ojú omi, ó fa okùn ẹ́ńjìnnì. Afinimọ̀nà fò wọ inú ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Kì í ṣe àánú ló gbé e. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ni.

Erékùṣù ti rì. Ìyá náà dúró nínú omi tó mu ún dé àyà, ó fẹ̀yìn ti igi náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ìṣó mú, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, Afinimọ̀nà ni ó kọjú sí.

"Mo gbọ́ ohùn rẹ," ni ó wí. "Mo ń pè ọ́. Mo gbọ́ tí o ní ó pé."

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe ohun tí ìwàásù ọdún méje kò lè ṣe. Afinimọ̀nà wólẹ̀ sínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá wá ka orí lọ́run, tí tèmi kò sí níbẹ̀ ńkọ́?"

"Olùṣọ́ àgùntàn tí mo ń sọ fún ọ kì í ka awọ, àbúrò, àgùntàn fúnra rẹ̀ ni í kà. Ó mọ̀ pé o kù. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ṣẹ̀jẹ̀ lórí igi nítorí rẹ. Ké pè é."

Ó ké pè é, ẹlẹ́ṣẹ̀ tí kò ní àwáwí mọ́. Ní èbúté, ó jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo àlejò. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jiyàn. Lónìí, ó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń fi orúkọ pe gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, má ṣe fi ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wù tìrẹ ti wọ ọkọ̀: orúkọ rẹ wà nínú ìwé ìjọ, ohùn rẹ wà láàrin akọrin, àwọn ènìyàn sì ti ní ó pé. Ìwọ fúnra rẹ dà? Orí erékùṣù ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni o ṣì wà, omi sì ti kọjá orúnkún. Má dúró dè é kí ó dé ọrùn. Ibi tí o jókòó sí yìí ni kí o ti ké, lónìí. Ẹni tí ń wá ọ kò tí ì pa ẹ́ńjìnnì.